Báwo ni a ṣe lè se túnípù àti àwọn oúnjẹ abẹ́ ilẹ̀ mìíràn láìfi ẹran, ẹja, ẹyin tàbí wàrà sí i?

Ìyàwó Yábàá

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ń dáná. Ọkọ mi kékeré, ìyẹn àbúrò ọkọ mi, ti Jámánì dé, ọ̀dọ̀ wa ní Yábàá ni ó sì wọ̀ sí. Kì í jẹ ẹran, kì í jẹ ẹja, kì í jẹ ẹyin, kì í mu wàrà, kódà kì í fi oyin sí tíì. Ohun ọ̀gbìn pọ́nbélé ni oúnjẹ rẹ̀. Kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu o. Bí mo bá gbé ẹ̀wà fún un láàárọ̀ tí mo tún gbé e fún un lálẹ́, yóò jẹ ẹ́, yóò sì kí mi kú iṣẹ́. Èmi gan-an ni kò fẹ́ kí a máa sọ pé ẹ̀wà nìkan ni ó ń jẹ nínú ilé tí mo ti ń dáná.

Ó ra túnípù wálé lọ́dọ̀ àwọn tí ń ta ẹ̀fọ́ òyìnbó, pẹ̀lú kárọ́ọ̀tì àti bíìtírúùtù. Ó ní oúnjẹ ìgbà òtútù ni lọ́hùn-ún, pé wọ́n máa ń yan án, wọ́n sì máa ń fi í se ọbẹ̀. N kò tíì fọwọ́ kàn án, nítorí pé n kò fẹ́ fi ohun olówó ṣe ìdánwò. Mo fẹ́ mọ bí a ṣe lè sè é pẹ̀lú ata àti epo tiwa, kí ó má bàa dà bí oúnjẹ aláìsàn. Mo sì tún fẹ́ mọ ohun tí a lè fi rọ́pò edé àti ẹja gbígbẹ nínú àsáró àti ìkọ́kọrẹ́, nítorí pé ìwọ̀nyẹn ni gbogbo ilé ń jẹ, n kò sì fẹ́ máa gbé ìkòkò méjì kaná lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ìyá Olóńjẹ Sùúrùlérè

Ìyàwó wa, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Ẹni tí ó bá fẹ́ se túnípù kí ó dùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà pé kì í ṣe iṣu, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé abẹ́ ilẹ̀ ni a ti wú àwọn méjèèjì. Ìbátan kábéèjì ni. Bí ẹ bá là á tí ẹ gbé e sún mọ́ imú, ẹ ó gbọ́ òórùn kábéèjì nínú rẹ̀. Nínú gíráàmù 100 túnípù tútù, nǹkan bí 92 ni omi, sítáàṣì àti ṣúgà rẹ̀ lápapọ̀ kò sì ju nǹkan bí 6 lọ, nígbà tí ti iṣu tó nǹkan bí 28. Ìdí nìyẹn tí a kò fi lè gún un, tí kì í sì í yó ènìyàn bí a bá bọ̀ ọ́ lásán. Ẹni tí ó bá bọ̀ ọ́ bí iṣu, omi ni yóò jẹ.

Bí mo ṣe máa ń ṣe tèmi nìyí. Mo máa ń gé orí àti ìdí rẹ̀ dànù, mo sì máa ń bẹ èèpo rẹ̀ kí ó nípọn díẹ̀, nítorí pé fọ́nrán líle kan wà lábẹ́ èèpo náà, pàápàá nínú èyí tí ó tóbi, tí kì í rọ̀ bó ti wù kí ó pẹ́ tó lórí iná. Lẹ́yìn náà ni n óò gé e kéékèèké, n óò wọ́n iyọ̀ sí i, n óò sì dà á sínú ajere fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 kí omi rẹ̀ lè ro sílẹ̀. Ẹnu yóò yà yín sí omi tí yóò jáde. Aṣọ mímọ́ ni n óò fi nù ún gbẹ, n óò gbé páànù kaná kí ó gbóná dáadáa, n óò da òróró díẹ̀ sí i, n óò sì tò ó sínú rẹ̀ láìjẹ́ kí wọ́n gorí ara wọn. Ẹ má ṣe máa rò ó káàkiri. Ẹ fi í sílẹ̀ títí ẹ̀gbẹ́ kan yóò fi pọ́n bíi dùndú, kí ẹ tó yí i padà. Níbi tí ó ti pọ́n yẹn ni adùn rẹ̀ wà, nítorí pé ìgbà náà ni ṣúgà inú rẹ̀ tó fara hàn, tí ìkorò rẹ̀ sì lọ sílẹ̀.

Ẹ lọ ata rodo, tàtàsé àti àlùbọ́sà kí ó má kúnná jù, ẹ sè é kí omi rẹ̀ gbẹ, ẹ wá dín in nínú epo pupa pẹ̀lú irú wooro títí epo yóò fi léfòó. Ìgbà tí ọbẹ̀ bá jinná tán pátápátá ni kí ẹ tó da túnípù yẹn sí i, kí ẹ rò ó pọ̀, kí ẹ sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí ẹ bá fi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, yóò tú omi sínú ọbẹ̀ yín, yóò sì rọ̀ ṣọ̀bọ̀lọ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé bíbọ̀ ni ẹ fẹ́ bọ̀ ọ́, ẹ ṣí ìdérí ìkòkò sílẹ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kí ó pẹ́ lórí iná. Gbogbo ìdílé kábéèjì ni ó ní èròjà imí ọjọ́ nínú, bí a bá sì dé e pa tí a sè é jù, òórùn rẹ̀ yóò gba gbogbo ilé, àwọn tí ń gbé òkè yóò sì máa béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Ewé rẹ̀ ńkọ́? Ẹ má dà á nù. Ẹ̀fọ́ gidi ni. Ẹ bọ̀ ọ́ fìrì nínú omi oníyọ̀, ẹ fún un, ẹ rẹ́ ẹ, kí ẹ sì rò ó pẹ̀lú ẹ̀gúsí bí ẹ ṣe ń ro ṣọkọ. Ó korò díẹ̀, àmọ́ ẹ̀gúsí máa ń pa á.

Ẹlẹ́fọ̀ọ́ Mile 12

Ìyá wa ti sọ ti sísè, ẹ jẹ́ kí n sọ ti rírà, nítorí pé túnípù tí kò dára kò sí alásè tí ó lè tún un ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú kárọ́ọ̀tì, kábéèjì, bíìtírúùtù àti túnípù tí ẹ ń rí ní Èkó, agbègbè Jos ní Ìpínlẹ̀ Plateau ni wọ́n ti ń kó o wá, níbi tí ojú ọjọ́ ti tutù ju tiwa lọ. Ọkọ̀ ẹrù ni ó ń gbé e, nínú oòrùn, ọjọ́ tí ó bá sì lò lójú ọ̀nà kò ní ṣàìhàn lára rẹ̀. Ẹ wo ewé rẹ̀. Bí ewé bá ṣì tutù yọ̀yọ̀, kò tíì pẹ́ tí wọ́n wú u. Bí oníṣòwò bá ti gé gbogbo ewé kúrò, ẹ gbé e lọ́wọ́ wò: ó yẹ kí ó wúwo. Èyí tí ó bá tóbi àmọ́ tí ó fúyẹ́, inú rẹ̀ ti gbẹ, ó sì ti di fùkẹ̀fùkẹ̀. Èyí tí kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ ni ó máa ń dùn jù, òun náà sì ni àwọn oníbàárà kì í fẹ́ mú, nítorí pé wọ́n rò pé ẹni tí ó mú ńlá ni ó jèrè. Ẹ mú kékeré.

Kì í ṣe ojoojúmọ́ ni a ń rí i o. Ọjọ́ tí ẹ kò bá rí i, ẹ má torí rẹ̀ fi ẹsẹ̀ wá gbogbo Ketu.

Bàbá Èbúté-Mẹ́ta

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ka gbogbo rẹ̀, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n béèrè: kí ni a ń wá lọ sí Jos nígbà tí ewùrà wà ní Oyingbo? Kò sí orílẹ̀-èdè kankan lágbàáyé tí ó ń kórè iṣu tàbí ẹ̀gẹ́ tó Nàìjíríà. Ẹ bu àmàlà èlùbọ́ sínú àwo, ẹ da gbẹ̀gìrì àti ewédú lé e, ẹ fi ata díndín tí a fi irú sí bò ó. Ẹ yọ ẹran kúrò níbẹ̀, ṣé kì í ṣe ohun ọ̀gbìn pọ́nbélé ni ó kù? Iṣu gbígbẹ ni èlùbọ́, ẹ̀wà ni gbẹ̀gìrì, ewé ni ewédú. Oúnjẹ tí ọmọ yẹn ń wá ti wà nílé baba rẹ̀ kí ó tó wọ bàálù. N kò sọ pé kí ẹ má se túnípù. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ fi í ṣe àlejò, kí iṣu jẹ́ onílé.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Ṣómólú

Bàbá, ẹ kú ọ̀rọ̀ àgbà. Nítorí pé ẹ ti dárúkọ ewùrà, ẹ jẹ́ kí n gba ibẹ̀ wọlé, nítorí pé n kò rò pé ohun mìíràn wà lábẹ́ ilẹ̀ tí ó rọrùn fún ẹni tí kì í jẹ ẹyin bíi tirẹ̀. Ewùrà máa ń yọ̀, yíyọ̀ yẹn ni ó sì ń so ó pọ̀. Àwọn òyìnbó a máa fi ẹyin po kárọ́ọ̀tì àti pòtétò kí wọ́n tó dín in, nítorí pé láìsí ẹyin yóò tú sínú òróró. Ọ̀jọ̀jọ̀ kò nílò ẹyin rárá.

Ẹ bẹ ewùrà, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ rin ín lójú kéékèèké. Bí ó bá máa ń yún yín lọ́wọ́, ẹ fi epo pa ọwọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má lọ̀ ọ́ nínú ẹ̀rọ pẹ̀lú omi, nítorí pé omi yẹn ni yóò mú kí ó máa fa òróró mu. Ẹ fi iyọ̀, ata rodo gígún àti àlùbọ́sà rírẹ́ sí i, kí ẹ wá fi ọwọ́ po ó, kí ẹ máa gbé e sókè, kí ẹ máa fi lu àwo, títí ẹ ó fi rí i pé ó ń wú, tí ó sì ń fúyẹ́ lọ́wọ́. Afẹ́fẹ́ tí ó wọ inú rẹ̀ yìí ni kì í jẹ́ kí ó le bí òkúta nígbà tí ó bá tutù. Ẹ kán díẹ̀ sínú òróró gbígbóná wò. Bí ó bá léfòó lójú ẹsẹ̀, ó tó dín. Lẹ́yìn náà, ẹ dín iná kù díẹ̀, nítorí pé ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń tètè pọ́n nígbà tí inú rẹ̀ ṣì tútù.

Ẹni tí ó ní kárọ́ọ̀tì tàbí túnípù nílé lè rin ín sí i, àmọ́ kí ó kọ́kọ́ fún omi rẹ̀ dànù, kí ó má sì ju ìdá mẹ́rin kan gbogbo rẹ̀ lọ.

Ní ti ìkọ́kọrẹ́, mo mọ̀ pé àwọn ará ilé mi yóò bá mi jà, àmọ́ òótọ́ ni pé ó lè dùn láìsí ẹja. Ẹ gbé ata lílọ̀, àlùbọ́sà, epo pupa, irú tí ó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àti olú gbígbẹ tí ẹ ti rẹ sínú omi kaná, kí ó hó yaya. Ẹ máa fi ọwọ́ bu ewùrà rínrin sínú rẹ̀ ní kéékèèké, kí ẹ dé e, kí ẹ sì jẹ́ kí iná rẹ̀ rọra máa jó. Ẹ kò gbọ́dọ̀ rò ó títí yóò fi dì, ìyẹn nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹni tí ó bá tètè ki orógùn bọ inú rẹ̀ yóò rí ògì ata. Nígbà tí ó bá ti dì, ẹ rò ó wẹ́rẹ́ kí díẹ̀ yọ́ di ọbẹ̀, kí kókó rẹ̀ sì kù. Ẹ̀bà tútù ni a fi ń jẹ ẹ́. Iṣu funfun kò lè rọ́pò ewùrà níbí o, nítorí pé kì í dì mọ́ra bẹ́ẹ̀.

Ajẹ̀fọ́ Ọbáléńdé

Ẹ̀gbọ́n mi Yábàá, ó ti pẹ́ tí èmi fúnra mi ti fi ẹran sílẹ̀, ní Ọbáléńdé níbí tí èéfín ṣúyà ti ń gba ojú ọ̀nà lálaalẹ́. Ohun tí mo rí ni pé kì í ṣe iṣu tàbí túnípù ni ó máa ń kùnà, ọbẹ̀ ni. Àwọn ènìyàn yóò yọ ẹran àti ẹja kúrò nínú ọbẹ̀, wọn kò ní fi ohunkóhun dípò rẹ̀, wọn yóò wá sọ pé oúnjẹ náà kò ládùn. Ohun tí ẹja gbígbẹ ń ṣe nínú àsáró ni pé ó ń mú èéfín wá, ó ń mú iyọ̀ wá, ó sì ń mú adùn jíjinlẹ̀ kan wá tí ó máa ń pẹ́ lẹ́nu. Ẹ gbọ́dọ̀ wá gbogbo rẹ̀ láti ibòmíràn.

Irú ni àkọ́kọ́, kò sì sí ẹja tàbí ẹran kankan nínú rẹ̀. Hóró èso igi ni a sè tí a sì jẹ́ kí ó kan. Ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa nítorí yanrìn, kí ẹ sì dín in nínú epo pẹ̀lú àlùbọ́sà kí ata tó wọ inú ìkòkò, nítorí pé epo ni ó ń fa adùn rẹ̀ jáde. Fún èéfín, ẹ gbé tàtàsé, àlùbọ́sà odidi àti tòmátò sórí èédú tàbí sórí iná gáàsì gan-an títí èèpo wọn yóò fi jó dúdú, ẹ bó èyí tí ó bá jó jù kúrò, kí ẹ tó lọ̀ wọ́n. Ọ̀rọ̀ èédú yìí kéré lójú, àmọ́ òun ni àwọn àlejò mi máa ń béèrè nípa rẹ̀. Olú gbígbẹ ni ẹ̀kẹta. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, ẹ má sì da omi náà nù. Ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ fi se ọbẹ̀ bí ẹni fi omi ẹran se é. Lọ́jà ni kí ẹ ti ra olú o, ẹ má já èyí tí ẹ kò mọ̀ nínú igbó.

Ní ti àsáró, ẹ gé iṣu náà ní ìwọ̀n tí kò dọ́gba. Èyí tí ó kéré yóò yọ́, yóò sì mú kí ọbẹ̀ rẹ̀ ki. Èyí tí ó tóbi yóò wà bí ó ṣe wà. Bí ẹ bá fẹ́ fi túnípù sí i, ìdá mẹ́ta kan túnípù sí ìdá mẹ́ta méjì iṣu ti tó, ìgbà tí iṣu bá sì ti ń rọ̀ ni kí ẹ tó kó o lé e. Ata àsáró gbọ́dọ̀ ta. Ẹ bu ẹ̀gúsí yíyan lílọ̀ tàbí wàrà àgbọn díẹ̀ sí i kí ẹ tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, nítorí pé ara ọbẹ̀ máa ń fúyẹ́ bí kò bá sí ọ̀rá ẹran.

Ẹ ṣọ́ra fún kúùbù ìsebẹ̀. Ẹ ka ẹ̀yìn páálí rẹ̀, nítorí pé adìẹ tàbí edé wà nínú òmíràn. Àwọn tí ń ta ata gbígbẹ lílọ̀ náà a máa lọ edé mọ́ ọn nígbà mìíràn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn.

Ìyàwó Yábàá

Ẹ ṣeun ṣeun, gbogbo yín. Mo ti se túnípù bí Ìyá Olóńjẹ ṣe sọ, pẹ̀lú ìrẹsì. Ọkọ mi kékeré jẹ ẹ́ tán, ọkọ mi gan-an náà sì bù síbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní òun kàn ń tọ́ ọ wò ni. Bàbá, mo ti gbọ́ tiyín náà. Àmàlà ni ó kàn.

Ìbéèrè mi tí ó kù jẹ́ ti ìlera. Mo fẹ́ ra kókò àti ẹ̀gẹ́ tútù, àmọ́ àwọn aládùúgbò ń dẹ́rù bà mí pé májèlé wà nínú wọn. Ìyá ọkọ mi náà ń pè láti ilé pé ọmọ òun yóò rù bí ó bá ń jẹ gbòǹgbò igi kiri. Kí ni kí n sọ fún wọn?

Nọ́ọ̀sì Ìkẹjà

Àwọn aládùúgbò yín kò purọ́, ẹ kàn ní láti mọ bí a ṣe ń se wọ́n ni. Ẹ̀gẹ́ tútù ní èròjà kan tí ó ń di sáyánáìdì, èyí tí ó korò sì ní in púpọ̀ ju èyí tí kò korò lọ. Rírẹ, rínrin, fífún àti jíjẹ́ kí ó kan, bí a ṣe ń ṣe nínú gàrí, fùfú àti láfún, ni ó ń lé e lọ. Nítorí náà, ẹ̀gẹ́ tí ẹ ó bọ̀ jẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ irú tí kò korò. Ẹ bó èèpo rẹ̀ àti awọ funfun abẹ́ rẹ̀ kúrò, ẹ gé e, ẹ bọ̀ ọ́ nínú omi púpọ̀ láìdé ìkòkò títí yóò fi rọ̀ pátápátá, kí ẹ sì da omi náà nù. Ó dùn pẹ̀lú àgbọn. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ ní tútù.

Kókò ní èròjà wẹ́wẹ́ tí ó mú bí abẹ́rẹ́, òun ni ó ń yún ọwọ́ tí ó sì ń ta ọ̀fun. Bí a bá sè é kí ó jinná dénú, wàhálà náà yóò lọ. Ẹ bọ̀ ọ́ pẹ̀lú èèpo rẹ̀, kí ẹ wá bó o nígbà tí ó bá jinná, ọwọ́ kò ní yún yín tó bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀fun bá ṣì ń ta ẹni tí ó tọ́ ọ wò, ẹ dá a padà sórí iná. Esúrú, ọwọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ni kí ẹ ti rà á, nítorí pé irú inú igbó tí ó ní májèlé wà. Pòtétò tí ara rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé, ẹ gé ibẹ̀ dànù jìnnà tàbí kí ẹ gbé gbogbo rẹ̀ sọnù.

Ní ti ìyá ọkọ yín, àníyàn màmá ní ìdí, àmọ́ kì í ṣe rírù ni ó yẹ kí ó máa bà wọ́n lẹ́rù. Pùrótéènì inú iṣu kéré. Gíráàmù 100 rẹ̀ kò ní ju nǹkan bí gíráàmù kan àbọ̀ lọ, nígbà tí ẹ̀wà síse tó ìwọ̀n kan náà ní nǹkan bí gíráàmù 8. Kí ẹ̀wà, ẹ̀pà, ẹ̀gúsí tàbí wàrà sóyà máa bá iṣu rìn lójoojúmọ́, nǹkan yóò dọ́gba. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí ẹ̀fọ́ rẹ̀, nítorí pé fítámì C ń ran ara lọ́wọ́ láti gba irin inú ẹ̀fọ́, kí ó sì má máa mu tíì mọ́ oúnjẹ. Ọ̀dùnkún tí inú rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú dára fún fítámì A, àmọ́ ara kò lè gbà á dáadáa bí kò bá sí epo díẹ̀ nínú oúnjẹ náà.

Ohun kan wà tí kò sí nínú iṣu, tí kò sí nínú ẹ̀fọ́, tí a kò sì gbọ́dọ̀ fojú fò: fítámì B12. Ohun ọ̀gbìn kì í fún ènìyàn ní èyí tí ó tó. Kí ọkọ yín kékeré lo èyí tí a ṣe ní oògùn, tàbí oúnjẹ tí wọ́n fi sí, kí ó sì bá dókítà tàbí apòògùn sọ̀rọ̀ nípa ìwọ̀n rẹ̀. Ó lè pẹ́ kí àìsí rẹ̀ tó hàn, àmọ́ tí ó bá hàn, iṣan tí ń gbé ìmọ̀lára kiri ara ni ó máa ń bá jà, kì í sì í fìgbà gbogbo lọ pátápátá. Bákan náà, ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dára tó nínú ilé gbọ́dọ̀ gba ìmọ̀ràn dókítà kí ó tó máa jẹ àwọn oúnjẹ abẹ́ ilẹ̀ wọ̀nyí ní àjẹtúnjẹ, nítorí pé potásíọ́ọ̀mù inú ọ̀pọ̀ nínú wọn pọ̀.

Bí ìtọ̀ ẹnìkan bá pupa lẹ́yìn bíìtírúùtù, kí ó má sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Àwọ̀ rẹ̀ ni.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ó yà mí lẹ́nu pé ẹnikẹ́ni kò tíì dárúkọ fúréjọ̀n, oúnjẹ àwọn Àgùdà Pópó Àgùdà tí wọ́n máa ń jẹ ní ọjọ́ Jímọ̀ tí a ń rántí ikú Jésù. Ẹ̀wà tí a sè, tí a lọ̀, tí a sì pò mọ́ wàrà àgbọn ni, pẹ̀lú ṣúgà àti kànáfùrù díẹ̀. Kò sí ẹran, kò sí wàrà màlúù nínú rẹ̀. Ọbẹ̀ ẹja tí a ń gbé tì í nìkan ni ẹ ní láti pààrọ̀, gàrí ni a sì ń wọ́n lé e lórí.

Ọbẹ̀ tí mo máa ń gbé tì í ni mo fẹ́ sọ. Ní ọdún 2016, nígbà tí kòkòrò Tuta absoluta ba tòmátò jẹ́ ní ìhà Àríwá, tí tòmátò sì di góòlù ní ọjà Èkó, kárọ́ọ̀tì àti bíìtírúùtù ni mo fi se ọbẹ̀. Ẹ bọ bíìtírúùtù kan pẹ̀lú èèpo rẹ̀, kí ẹ má gé ìdí rẹ̀, nítorí pé ojú ibi tí a bá gé ni gbogbo àwọ̀ rẹ̀ yóò gbà tú sínú omi. Ẹ bó o, kí ẹ lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ kárọ́ọ̀tì bíbọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún, tàtàsé, ata rodo àti àlùbọ́sà. Ó máa ń dùn jù bí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ọsàn wẹ́wẹ́ ni yóò mú kíkan tòmátò wá. Ẹ dín in kí ó gbẹ dáadáa. Bíìtírúùtù kò gbọ́dọ̀ ju ẹyọ kan lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọbẹ̀ yín yóò máa rùn bí erùpẹ̀ òjò. Túnípù díndín tàbí ọ̀dùnkún díndín ni kí ẹ fi ṣe ẹran inú rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Akókà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́. Fún àwa tí a ní ààrò oníná kan ṣoṣo, ọ̀dùnkún ni olùgbàlà. Ẹ bọ̀ ọ́ pẹ̀lú èèpo lórí iná tí kò pọ̀, nítorí pé bí ó bá rọra gbóná ni sítáàṣì inú rẹ̀ ń ráyè di ṣúgà. Lẹ́yìn náà, ẹ là á, ẹ wọ́n kúlíkúlí lílọ̀ àti ata gbígbẹ sí i pẹ̀lú iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́. Ó yó ni.

Ìyá Olóńjẹ Sùúrùlérè

Ọmọ Ìjẹ̀bú, mo gba gbogbo ọ̀rọ̀ yín nípa ọ̀jọ̀jọ̀ àyàfi ti túnípù. Kárọ́ọ̀tì, bẹ́ẹ̀ ni. Túnípù, rárá. Bí a bá tilẹ̀ fún un, yóò tún máa sun omi lẹ́yìn tí iyọ̀ bá ti kàn án, òróró yóò sì máa ta sí alásè lójú.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Ṣómólú

Ìyá mi, ẹ̀yin ni àgbà nídìí iṣẹ́ yìí, n kò ní bá yín jiyàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ síbẹ̀ kí ó jẹ́ kí iyọ̀ kẹ́yìn, ìgbà tí òróró bá ti gbóná tán.

Ẹlẹ́fọ̀ọ́ Mile 12

Ó ku ọ̀rọ̀ ìpamọ́, nítorí pé ojoojúmọ́ ni àwọn oníbàárà ń bá mi jà lórí rẹ̀. Gbàrà tí ẹ bá ti dé ilé ni kí ẹ gé ewé túnípù, ti kárọ́ọ̀tì àti ti bíìtírúùtù kúrò, nítorí pé ewé ń fa omi ara wọn, yóò sì sọ wọ́n di rírọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ewé náà, ọjọ́ kejì ni kí ẹ sè é. Ẹ fi àwọn gbòǹgbò sínú ọ̀rá ní ìsàlẹ̀ fíríìjì; bí iná kò bá sí, ẹ rì wọ́n sínú yanrìn mímọ́ tí ó tutù díẹ̀ nínú abọ́, níbi tí oòrùn kò dé, yóò gbà yín fún ìwọ̀n ọjọ́ díẹ̀.

Iṣu àti ọ̀dùnkún kò gbọ́dọ̀ wọ fíríìjì ní tútù o. Òtútù ń ba inú wọn jẹ́, ọ̀dùnkún tí ó ti sùn níbẹ̀ a máa ní kókó líle láàárín tí kì í jinná. Orí pákó ni kí ẹ tò wọ́n sí, kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ sí wọn, kí wọ́n má sì fara kan ara wọn. Ẹ̀gẹ́ kò ṣeé tọ́jú rárá. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tí wọ́n bá ti wú u, ìlà dúdú yóò ti máa yọ nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá rà á ni kí ẹ bó o. Bí kò bá sí àyè láti sè é, ẹ gé e sínú omi, kí ẹ gbé e sí fíríìjì mọ́jú, tàbí kí ẹ kó o sínú ọ̀rá, kí ẹ gbé e sí fírísà bí iná bá wà. Ìyàwó Yábàá, bí ẹ bá ń bọ̀ ní Mile 12, ẹ tètè wá láàárọ̀ kùtù, kí àwọn tí ń rà fún òtẹ́ẹ̀lì tó ṣa èyí tó dára lọ.